Ta Ló Ń Pa Máṣìnnì Ìyá Hamed?

Bouaké,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kìíní, ọdún 2024.

Sàbítù Àlàó, ọmọ ìyá mi,

Àsàláámù àlàékúmù. Ṣé o jí ire? Orúnkún ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kó sùn? Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Tákìé ńkọ́, ṣé iná ọ̀kadà oníkálukú ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ? Èmi wà níbí, mo le bí ọmọ ọlọ. Ọyẹ́ ń mú gbogbo èèyàn, kò rí mi mú.

Má sọ pé kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti bímọ tán kí n tó kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ àgbàlagbà níwèé, àwọn èèyàn fi mí rẹ́rìn-ín títí. Mi ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Ọ̀rọ̀ fóònù, bó bá gba etí kan wọlé, èkejì ló ń gbà jáde. Ìwé ni mo lè tẹ́ sórí ìjókòó máṣìnnì, kí n máa kà á, kí n máa tú nǹkan.

Torí ọ̀rọ̀ máṣìnnì ni mo ṣe ń kọ̀wé. Alùpùpù mi ń kú, Sàbítù. Kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí mo bá ta á láàárọ̀, á dáhùn. Á gbé èmi àti àwo tánńganran mi àti bàsíà mi dé ọjà. Àfi bó bá di ọ̀sán, kí iná iwájú rẹ̀ máa rẹ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, fèrè rẹ̀ á máa dún bí ewúrẹ́ tó ní ọ̀fìnkìn, lẹ́yìn náà, wọ̀ọ̀, ó kú. Mo ti ra bátìrì mẹ́ta. Tuntun kọ̀ọ̀kan a ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ irú ìwà ti àkọ́kọ́. Misbaudeen, ọmọ ará ilé wa tó ń tún máṣìnnì ṣe lẹ́bàá ọjà, òun ló ń bá mi rà wọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ó ń kó bátìrì mi gidi tà, ó ń fi èyí tó ti gbó sí i. Mi ò tíì sọ fún un. Mò ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ kó dùn ún.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá Hamed ti lọ, máṣìnnì yìí ni ẹsẹ̀ mi. Òun ló ń gbé mi lọ sí Djébonoua, ìlú kékeré ẹ̀gbẹ́ wa, kí n kó àwo fún àwọn obìnrin Baoulé tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, kí n gbé iṣu bọ̀. Bí obìnrin kan bá wà ní Bouaké tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí tó ń gun máṣìnnì, kó jáde kí n rí i.

Hamed wá láti Abidjan nígbà ọdún tuntun. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí mò ń ti máṣìnnì nínú oòrùn, tí bàsíà ń yí lọ sójú títì, tí àwọn ọmọ burúkú ń pariwo, "Màmá Ànàgó, mótò ti kú o!" Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ nìyí: "Maman, ó tó. Bí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá dé tí mótò yìí ṣì ń kú, màá tà á. Ẹ ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sinmi."

Sinmi! Ṣé mo sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?

Mo ní ó dáa. Mo ní bí ó bá wá fún Ìtúnu, èmi ni màá gbé e sẹ́yìn lọ sí Djébonoua, màá sì gbé e padà. Bí máṣìnnì bá kú lẹ́ẹ̀kan péré lójú ọ̀nà, kó tà á. Bí kò bá kú, kí n má gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láyé. Ó gbà. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Torí náà, sọ ohun tó ń pa máṣìnnì mi fún mi. Má sì bi mí bóyá epo wà nínú rẹ̀. Èmi kì í ṣe ọmọdé.

Àmọ̀sù tó ń kó ọjà bọ̀ nílé ni mo fi ìwé yìí rán. Fún un lónjẹ, ó fẹ́ràn ẹran.

Èmi ni,
Sèlíátù Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Hamed,

Wàláékúmù sàláàmù. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìfaradà. Ìyàwó mi ní kí n kí yín, orúnkún rẹ̀ ti rọlẹ̀. Àmọ̀sù dé láyọ̀. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé òun dé gáárì, ibùdó ọkọ̀ yín, pé òun ti ka gbogbo súrà tóun mọ̀ tán kẹ́ ẹ tó dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú: ṣé epo wà nínú rẹ̀? Ẹ má ya ìwé yìí. Olóyè kan ti máṣìnnì wá sọ́dọ̀ mi láti Sábó nínú oòrùn, epo ló tán.

Ìyá Hamed, bátìrì kì í ṣe kànga. Àmù lásán ni. Ẹnìkan ló ń pọn omi sí i. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń pọn ọ́n bó ṣe ń yí, rẹ́gúlétọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n kó má baà kún jù, wáyà sì ni ojú ọ̀nà tí apọnmi ń gbà. Irú máṣìnnì tiyín, inú àmù yẹn náà ni iná tó ń ṣáná sí epo ti ń mu. Bí àmù bá gbẹ, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. Iná iwájú tó ń rẹ̀ kó tó kú yẹn, òùngbẹ ló ń jẹ́. Ẹ ti ra àmù mẹ́ta, ẹ ò tíì wo apọnmi lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ ra mítà, èyí kékeré tó ní ọwọ́ pupa àti ọwọ́ dúdú. Ẹ fi pupa kan orí bátìrì tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí, ẹ fi dúdú kan ìkejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá sùn, ẹ ó rí nǹkan bíi méjìlá lé díẹ̀. Ẹ wá ta á, ẹ fún un lépo níwọ̀nba. Ó gbọ́dọ̀ gòkè kọjá mẹ́tàlá, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rìnlá tàbí kó lé díẹ̀. Bó bá gòkè, apọnmi wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá gòkè, ìṣòro wà lára kọ́ìlì, tàbí rẹ́gúlétọ̀, tàbí wáyà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, á jó nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí Misbaudeen sinmi ná. Ẹ̀sùn olè kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dánwò.

Tírà tí Alfa wa ṣe, tí mo fi ránṣẹ́ sí yín nígbà tẹ́ ẹ ra máṣìnnì, ṣé ó ṣì wà lára rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ilé tí Hamed sọ, ẹ má fi gbogbo ara bínú sí i. Ọmọ ló jẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á.

Àbúrò yín,
Sàbítù.


Bouaké,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Sàbítù, ríwáyà kékeré,

Ríwáyà àgbà ló ń kí ọ o!

Mo ti ra mítà! Ọmọkùnrin tó ń tà á lọ́jà bi mí pé ta ni mo fẹ́ rà á fún. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gba mítà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi pupa àti dúdú kan bátìrì tó fẹ́ tà fún obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Èyí ti kú, má rà á." Obìnrin náà gbé owó rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Sàbítù, kò sí ohun tí mi ò tíì wọ̀n. Mo wọn bátìrì rédíò Bàṣírátù tá a jọ ń gbélé. Mo wọn ti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo wọn ti aago mọ́sáláṣí, Lèmọ́mù ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ káwọn ríbi mọ àsìkò ìrun. Bàṣírátù ní òun ti ń la ojú kan sùn torí òun ò mọ ìgbà tí màá fi wáyà kan òun.

Mo wá wọn máṣìnnì. Mo kọ́kọ́ ta á, mo sáré dé ìta, mo sáré padà kí inú rẹ̀ lè gbóná. Mo gbé e dúró, mo pa á, méjìlá lé díẹ̀. Mo ta á, mo fún un lépo, ojú mítà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè bí ọmọ tó ń gun igi ìbẹ́pẹ! Mẹ́tàlá! Mẹ́rìnlá! Igbe tí mo ké, Bàṣírátù sáré jáde tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni.

Nítorí náà, apọnmi mi ń pọnmi. Ta ló wá kù? Mo lọ bá Misbaudeen, mo sọ gbogbo ohun tó wà níkùn mi lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó fi Kùránì búra. Ó ní, "Màmá, mo ti wò ó wò ó, èmi náà ò rí i." Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́. Mo gun máṣìnnì mi, mo ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí máṣìnnì fi kú lábẹ́ mi, tí ọkọ̀ akóṣu kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Awakọ̀ náà bú mi. Mo bú u padà. Ṣùgbọ́n mi ò gùn ún mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

O bèèrè tírà. Ta ló tó tú u? Ọwọ́ ara mi ni mo fi dè é mọ́ ọrùn máṣìnnì, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí. Awọ tútù ni mo fi wé e yípo yípo. Nígbà tó gbẹ, ó fún, ó le bí irin. Olè tó bá fẹ́ ẹ, kó mú ayùn dání.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Hamed pè mí láná, ó ní ìwọ náà ti gbà pé kí wọ́n ta máṣìnnì mi. Ó ní o ti kun yàrá sílẹ̀ dè mí. Ṣé òótọ́ ni? Ìwọ tí mo pọ̀n lọ sódò! Ìwọ tí mò ń bèèrè oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ náà lò ń gbẹ́ ilẹ̀? Ta ló ní kó o kun yàrá? Ṣé mo ti kú ni, tẹ́ ẹ fi ń wá ibi tẹ́ ẹ máa tẹ́ mi sí?

Dá mi lóhùn kíákíá. Àmọ̀sù ní tààrà lòun ń lọ.

Sèlíátù.


Bouaké,
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Sàbítù,

Mo kí ọ. Mi ò bèèrè ara rẹ, torí ìwọ náà ò bèèrè tèmi.

Ṣé ìtìjú ni kò jẹ́ kó o fèsì, àbí ọ̀dà tó o fi ń kun yàrá ni kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ? Máṣìnnì tún kú. Ọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ Hamed, ó ní òun wá wò ó. Ó gbá táyà rẹ̀ bí ẹni tó ń ra àgbò. Mo gbé àga síwájú máṣìnnì náà, mo jókòó lé e títí ó fi lọ.

Ààwẹ̀ ti dé tán. Bó o bá fẹ́ kí n máa wá gbàdúrà fún ọ nínú yàrá aláwọ̀ tuntun, sọ fún mi kí n mọ̀.

Sèlíátù.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Hamed,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò dákẹ́ o. Ibà dá Àmọ̀sù dúró ní Cotonou, àná ni ìwé yín tó mi lọ́wọ́, ó ti rún bí ewé ẹ̀kọ.

Òótọ́ ni. Mo kun yàrá. Yàrá ìyá wa ni, àwọ̀ ewé ni mo kùn ún. Hamed pè mí, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín, àyà mi já, mo ní kó tà á. Kì í ṣe torí òkú, Ìyá Hamed. Láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ, kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àlàó mọ́ ní gbogbo ilé yìí. "Bàbá" ni gbogbo wọn ń pè mí. Bí Ìtúnu bá dé, màá jókòó bí ẹni pé èmi ni ilé náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí tí mo fi kun yàrá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ ti fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá jẹ́ kí ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́, èmi kì í ṣe ríwáyà mọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Mítà yín ò parọ́. Misbaudeen náà sì lè má parọ́. Nínú àgbàlá, máṣìnnì dúró jẹ́ẹ́. Lójú títì, ó ń gbọ̀n, ó ń fò, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lójú títì tí kì í ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá. Ẹ bá mi rántí gbogbo ibi tó ti kú. Ṣé òkè lẹ̀ ń gùn? Ṣé ẹ ń sáré? Kí ni ọwọ́ yín ń ṣe lásìkò náà? Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́ torí pé ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan.

Bá a bá rí i, èmi fúnra mi ni màá pe Hamed.

Àbúrò yín tẹ́ ẹ pọ̀n lọ sódò,
Sàbítù.


Bouaké,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Sàbítù,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ. Ẹ kú ààwẹ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yàrá, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì dáríjì ọ́, mò ń ronú lé e.

O ní kí n sọ ibi tó ti ń kú. Ó dáa. Ó ti kú lábẹ́ igi máńgòrò ńlá, níbi tí mo ti ń kúrò ní títì wọ àdúgbò wa. Ibẹ̀ ló ti kú jù. Ó ti kú lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, níbi tí mo ti ń yà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta àwo fún mi. Ó ti kú ní Djébonoua, lẹ́nu ọjà iṣu, bí mo ṣe fẹ́ wọ ààyè mi. Kì í ṣe òkè, ilẹ̀ tẹ́jú. Mi ò sáré, mo máa ń rọra ni torí àwo. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Djébonoua gan-an, kì í kú. Ọ̀nà yẹn gùn, ó sì tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í kú láàárọ̀ bí mo bá ń yà wọ ọjà. Ìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni. Igi máńgòrò, ọwọ́ òsì. Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọwọ́ òsì. Ọjà iṣu, ọwọ́

Sàbítù. Dúró ná.

Má kúrò níbẹ̀. Mò ń bọ̀.

Mo ti dé! Dúdú tó o rí lára ìwé yìí, gíríìsì ni, má bá mi wí, ọwọ́ mi ò tíì mọ́, mi ò lè dúró!

Ọmọ ìyá mi, mo ti rí i! Mo gbé máṣìnnì dúró, mo ta á, mo ní kí Bàṣírátù di mítà mú kó máa kà á fún mi. Mo fún un lépo. Ó ní, "Mẹ́rìnlá." Mo yí ọwọ́ máṣìnnì sí ọ̀tún. Ó ní, "Mẹ́rìnlá náà ni." Mo yí i sí òsì. Bàṣírátù ò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé o ti ya odi ni?" Ó ní, "Ó ti já sí mọ́kànlá, Ìyá Hamed, ó ń já lọ!" Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Mo tún un ṣe. Òsì, ó kú. Mo tún un ṣe. Òsì, ó kú! Mo ń jó láàárín àgbàlá pẹ̀lú ẹnu ààwẹ̀, àwọn aládùúgbò ń yọjú. Wọn ò rí ẹni tí máṣìnnì rẹ̀ kú tó ń jó rí.

Mo fi ìka tẹ̀ lé wáyà láti iwájú, bíi kí èèyàn máa tọ ipa ìkán lára ògiri. Ó wọ abẹ́ ọrùn. Ibẹ̀ ni ìka mi ti dúró. Sàbítù, abẹ́ tírà ni.

Mo ní kí Bàṣírátù lọ pe Misbaudeen. Ó wá o, kò wo ojú mi. Ó fi ọ̀bẹ gé awọ náà, ó pẹ́ kó tó gé e, mo ti sọ fún ọ pé ó le. Àwọn wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí pupa, tó ń gbé iná lọ sí bátìrì, rọ́bà rẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó là á, gbogbo fọ́nrán bàbà inú rẹ̀ ti já, àfi bíi irun ológbò méjì. Misbaudeen ní nígbà tí awọ gbẹ tó fún, ó di wáyà náà mú, gbogbo ìgbà tí mo bá yí ọwọ́ sí òsì, ó ń fà á. Lójú títì tó rí gbágungbàgun, irun ológbò yẹn ń kàn, ó ń ṣí, àmù ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá wá yà sósì, ó ṣí pátápátá, àmù ti gbẹ, apọnmi ò lè dé. Ó parí.

Ó fi wáyà tuntun jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, ó fi téèpù dúdú wé e, ó fi í sílẹ̀ kó dẹ̀. Mo yí ọwọ́ sósì títí ó fi kan ẹ̀gbẹ́. Mẹ́rìnlá! Mẹ́rìnlá ṣáá!

Nígbà ìṣínu, mo kó ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín àti ẹran sínú àwo tánńganran mi tó dára jù, mo gbé e lọ fún Misbaudeen ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níwájú àwọn oníbàárà yẹn náà. Mo sọ ọ́ sókè pé olóòótọ́ ni. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Mo ní kó má dá àwo náà padà.

Ó ku ìbéèrè kan. Ta ló fi tírà ránṣẹ́? Ìwọ ni. Ta ló dè é? Má dáhùn.

Ríwáyà àgbà,
Sèlíátù Àwẹ̀ró.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ìyá Hamed! Ìyá Hamed!

Mi ò tíì rí èsì yín, mi ò lè dúró. Ọlọ́kadà kan wá lónìí, ó fi okùn de àpò mọ́ ọrùn ọ̀kadà rẹ̀, iná rẹ̀ ń lọ ń bọ̀. Mo ń tú okùn náà lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ yín sọ sí mi lọ́kàn: "awọ tútù, ó gbẹ, ó fún." Mo ju pílíà sílẹ̀! Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé iná gbé mi ni.

Ẹ tú tírà yẹn! Ẹ fi mítà sí i, kẹ́ ẹ yí ọwọ́ máṣìnnì sọ́tùn-ún sósì. Tírà tí mo fi ránṣẹ́ kó máa ṣọ́ yín ló ń pa máṣìnnì yín! Èmi ni mo rí i o. Ẹ rántí pé èmi ni mo rí i.

Sàbítù.


Bouaké,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Sàbítù Àlàó,

Ẹ kú ìnáwó Ìtúnu, ẹ kú ọdún, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ìwé rẹ tó mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Ìtúnu. Wo déètì tó wà lórí tèmi. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ká má jà.

Hamed dé. Ó jẹun, ó mu, ó sọ pé ọkùnrin tó fẹ́ ra máṣìnnì ń dúró de ìpè òun. Mo ní, "Gbé akoto wọ̀." Ó ní, "Maman, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi?" Mo ní, "Ta ló ti ń gbé ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ?" Ó gun ẹ̀yìn. Ọmọ tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń tutù bí ọyẹ́ l'Abidjan, ó ká ẹsẹ̀ sókè bí adìyẹ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà.

A wọ ọ̀nà Djébonoua. Mo fún un lépo. "Maman, doucement! Ẹ rọra!" Mo ní kó máa kígbe sókè sí i, afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí n gbọ́. Bá a ṣe dé ẹnu ọjà iṣu, mo dúró de àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n kọjá, mo sì yà sósì. Èmi náà ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, Sàbítù, mi ò ní purọ́ fún ọ. Máṣìnnì wọ ọjà bí ìyàwó tuntun. Àwọn oníbàárà mi dìde. "Màmá Ànàgó, ta ló wà lẹ́yìn yẹn?" Mo ní, "Ọmọ mi ni, ilé ìwé ni mò ń gbé e lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Hamed náà rẹ́rìn-ín. A ra iṣu, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

Ìpadàbọ̀ ló kù. Ìgbà tá a sún mọ́ igi máńgòrò, mi ò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti rántí, torí ọwọ́ rẹ̀ há mọ́ mi níkùn. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe àṣẹ ni ọmọ yẹn ń pa fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo fi ọwọ́ kan lu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀já. Mo dá ọwọ́ mi padà sórí ọwọ́ máṣìnnì. Mo yà sósì.

Kò kú.

A wọ àgbàlá. Hamed kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ tòun ti iṣu, ó ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Ó wá yọ fóònù, ó pe ọkùnrin yẹn, ó ní "Ce n'est plus à vendre." Mo ní kó tún un sọ ní Yorùbá kí Bàṣírátù lè gbọ́. Ó ní, "A ò tà á mọ́." Mo ní, "Sókè sí i."

Tírà rẹ wà lọ́rùn mi báyìí. Kò sí wáyà níbẹ̀.

Yàrá tó o kùn, má fi í fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹní sí i. Bí oúnjẹ titun bá jáde, màá wá sùn níbẹ̀ bí àlejò, màá pè ọ́ ní Àlàó láàárọ̀ àti lálẹ́ títí á fi sú ọ, màá sì padà sídìí àwo mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò kọ́kọ́ wá. Tẹ̀ lé Àmọ̀sù. Mú irin tó o fi ń jó òjé dání, Misbaudeen fẹ́ rí ọ.

Má wá takisí ní gáárì. Èmi ni màá wá gbé ọ. Ẹ̀yìn ni wàá jókòó sí, má wá sọ pé ọkùnrin ni ọ́. Di mí mú dáadáa, Àlàó. Láti gáárì dé ilé wa, ọwọ́ òsì là ń yà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sèlíátù Àwẹ̀ró.